Milkabai àti Ọkùnrin Kẹwàá

Ọjọ́ tí Milkabai dá bọ́ọ̀sì Bombay dúró ni gbogbo ìlú fi ń rántí rẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe ohun tó ju ìyẹn lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Ó jáde láti inú sínágọ́gù pẹ̀lú sàrí funfun tó ró mọ́ra, ó lọ dúró sáàárín títì, ó sì na apá méjèèjì bí ẹni tó ń sá aṣọ. Dírẹ́bà fọn fèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa fi yọrí síta láti bú u, Milkabai ti wà lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì.

"Hyams! Bọ́ sílẹ̀."

Hyams, ọ̀dọ́kùnrin tó wọ kóòtù tuntun, dojú bo fèrèsé. "Màmá, mò ń lọ sí Ísírẹ́lì ni o. Alẹ́ òní ni ọkọ̀ òfuurufú mi máa gbéra."

"Ísírẹ́lì ò ní sá lọ. Ó ti wà níbẹ̀ látayé Ábúráhámù. Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ ka Tórà, àwọn ọkùnrin ò sì pé."

"Màmá, ẹ ṣàánú mi."

"Ọmọ yẹn ni kí ìwọ ṣàánú. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni."

Ìṣẹ́jú márùn-ún Milkabai di wákàtí méjì. Bọ́ọ̀sì lọ, ọkọ̀ òfuurufú lọ, àpótí Hyams tó wà lórí òrùlé bọ́ọ̀sì nìkan ló rí Bombay lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí kò bá gbé ìlú yẹn lè rò pé orí rẹ̀ ló yí. Orí rẹ̀ pé. Àwọn baba ńlá rẹ̀, Júù ni wọ́n, ló ń fún òróró ní etíkun Konkan láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọn kì í fọwọ́ kan ọlọ ní Sátidé, títí àwọn aládùúgbò fi sọ wọ́n ní Ẹlẹ́po Sátidé. Nígbà kan, ilé wọn kún àdúgbò kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ẹni kan sí Bombay, ẹni kan sí Ísírẹ́lì, tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ Milkabai. Ìṣó tó ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ògiri pọ̀ débi pé Ketura, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò ríbi gbé kàlẹ́ńdà kọ́.

Bí ilé ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin ń wọ́n. Wọn kì í sì í gbé Tórà, ìwé Òfin wọn, jáde láti inú àpótí rẹ̀ àfi bí ọkùnrin mẹ́wàá bá dúró. Mẹ́sàn-án kò tó, ì báà jẹ́ mẹ́sàn-án òmìrán.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ pé wọ́n ti pé ló wá jẹ́ iṣẹ́ Milkabai. Nítorí èèwọ̀ ni kéèyàn máa nàka sí ọmọ aráyé pé oókan, eéjì. Ẹsẹ Sáàmù kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá gééré ní èdè Hébérù, èyí tó ní kí Ọlọ́run gba àwọn ènìyàn Rẹ̀ là, kó bùkún wọn, kó sì gbé wọn ga títí láéláé. Wọ́n á máa gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lé orí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Bí "láéláé" bá ti rí orí bà lé, ó ti pé nìyẹn. Hazan Abner tó ń ṣíwájú àdúrà kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà Milkabai ló ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ láti òkè níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí. Bó bá mi orí sókè sódò, wọ́n á ṣí àpótí. Bó bá mì ín sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á dúró. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ta ló máa ka ohun tí kíkà rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀?

Èyí ni ìyá ọkọ tí Ketura bá gbé fún ọdún mẹ́rìnlá. Ọkọ rẹ̀, Obed, jẹ́ oníwà tútù tó ń tún rédíò ṣe, tí kì í sọ̀rọ̀ bí rédíò kò bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Naftali. Ọdún tí Naftali máa pé mẹ́tàlá, tó máa ka Tórà níwájú àwọn ọkùnrin kó lè di ọ̀kan nínú wọn, ni ìjà ńlá wọ ilé.

Menasseh, ẹ̀gbọ́n Ketura tó ń gbé Bombay, ló dá a sílẹ̀. Ó pè lórí tẹlifóònù, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé.

"Ketura, gbé ọmọ yẹn wá síbí. Mo ti rí gbọ̀ngàn kan, fáánù méjìlá ló wà lókè rẹ̀. Sínágọ́gù wa sì kún. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí ẹja etíkun yín."

Oṣù mẹ́jọ ni Naftali ti ń kọ́ ohun tó máa kà, tó ń kọ ọ́ lórin nínú ilé ìwẹ̀, tó ń kọ ọ́ lójú oorun. Bí ọjọ́ náà bá dé tí ọkùnrin kò pé, tí wọ́n ní kí ọmọ náà ká ìwé rẹ̀ kó lọ sílé ńkọ́? Ẹ̀rù yẹn ń jẹ Ketura lọ́kàn.

Milkabai ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. "Ìyàwó, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó kí fáánù méjèèjìlá fún mi. Orí tábìlì tí baba ọkọ rẹ ti kà, tí ọkọ rẹ ti kà, ni ọmọ mi máa ti kà."

"Màmá, bí wọn ò bá pé ńkọ́?"

"Fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin sílẹ̀ fún mi. Ìgbà wo ni mo wá ọkùnrin tì?"

"Ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Òjò ló fa méjì níbẹ̀," ni Milkabai wí, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.

Báyìí ni ìpalẹ̀mọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, kì í ṣe Sátidé tí wọn kì í ṣiṣẹ́, kí àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ lè wọ ọkọ̀, kí iná sì lè jó nídìí ìkòkò. Wọ́n pe Gafur, alásè tí ìkòkò rẹ̀ tóbi jù ní agbègbè náà. Gafur bọ́ bàtà, ó jókòó, ó mú tíì, ó sì béèrè ohun tí gbogbo alásè ń béèrè.

"Màmá, àlejò mélòó là ń retí?"

"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, Gafur."

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ìrẹsì, a máa ń wọ̀n ọ́n ni."

"Sè é kó tó wọn."

"Àwọn ta, Màmá?"

"Àwọn tó máa wá."

Gafur yíjú sí Ketura. Ketura ń wo òrùlé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Milkabai rí ọgbọ́n dá sí i. Bó bá ti pe ẹnì kan sí ayẹyẹ, á ju kóró àjàgbọn kan sínú agolo bísíkíìtì. Kóró kì í ṣe ènìyàn, ẹni tó bá wù ú lè kà á. Nígbà tí agolo kún, ó fi rán Naftali sí ilé Gafur láìsọ nǹkan kan, nítorí ó gbà pé gbogbo ẹni tó lọ́gbọ́n lórí ló yẹ kó mọ ohun tí kóró wà fún. Lọ́jọ́ kejì, Gafur fúnra rẹ̀ dá agolo padà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ń dán.

"Màmá, ẹ ṣeun o. Ìyàwó mi yan án, ó sì fi iyọ̀ sí i. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán ní ìjókòó kan."

Milkabai dìde dúró. "Gafur! Ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ ti jẹ gbogbo àlejò mi!"

Ketura sá wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn sí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà rárá. Ibi tí ó máa ń le fún un nìyẹn. Kéèyàn tó bínú sí Milkabai tán, á ti rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ àgbọn náà wà níbẹ̀. Milkabai kì í ra àgbọn láìmì í létí. Á gbé e sí etí ọ̀tún, á gbé e sí etí òsì, á di ojú, bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ọkùnrin tó ń ta àgbọn ní ìdí ọkọ̀ ojú omi ní, "Màmá, àgbọn ni, kì í sọ̀rọ̀." Milkabai ní, "Ìyẹn lo ṣe ń tà á lówó gọbọi. Èyí tó bá sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀, ìwọ náà á dín owó rẹ̀." Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbọn sétí ara rẹ̀.

Wòlíì Èlíjà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìdùnnú kan ní ilé wọn tí wọn kì í gbé àwo malida kalẹ̀ fún wòlíì yẹn, ìrẹsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣúgà àti àgbọn rírin pò, tí wọ́n to èso yí ká. Bí Milkabai ti ń dán àwo náà wò ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, Ketura gbọ́ tó ń bá wòlíì wí: "Ẹ tètè dé o. Ẹ má ṣe bíi ti ìgbéyàwó Obed, tí ẹ jẹ́ kí òjò wọ inú ìrẹsì. Bí ẹ bá sì mọ ọkùnrin kan lójú ọ̀nà, ẹ mú un dání."

Lálaalẹ́ ló ń jókòó ti Naftali bó ti ń kọ́ ìwé. Kò mọ Hébérù kà, etí ló fi mọ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ṣàtúnṣe. "Kà á síwájú. Ìwọ kà á dáadáa, kí wọ́n lè kà ọ́ mọ́ ọkùnrin." Ketura máa ń gbọ́ èyí láti yàrá kejì, á sì gbàdúrà pé kí ọkùnrin pé. Kò béèrè ohun mìíràn.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè náà pé. Òórùn ẹran àgùntàn nínú omi àgbọn ti gba àdúgbò. Menasseh ti dé láti Bombay pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Haskel tó ń pín lẹ́tà nígbà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Hyams, tó ti ní ilé iṣẹ́ yìnyín báyìí, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì dé ni tíṣà kan láti ìlú kejì. Tíṣà náà fi tẹlifóònù pe ilé ìtajà ọ̀kánkán: alùpùpù rẹ̀ ti kú sójú ọ̀nà, kò sì sí bọ́ọ̀sì títí di ọ̀sán.

Lókè, Milkabai ka ẹsẹ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì.

Wọ́n dúró. Aago mẹ́jọ kọjá, aago mẹ́sàn-án kọjá. Menasseh ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń wo àbúrò rẹ̀ lókè. Naftali jókòó nídìí tábìlì, okùn awọ àdúrà ti wà ní apá rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun. Ketura di irin iwájú rẹ̀ mú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, èmi ni mo fa èyí, èmi ni mi ò lè sọ rárá fún obìnrin yìí.

Milkabai ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti bọ́ sí títì. Títì dá páropáro. Ìdí ìkòkò nìkan ló ti rí ọkùnrin.

"Gafur, ìyá ìyá rẹ, ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe ara wa?"

"Màmá, Mùsùlùmí ni wá látọjọ́ aláyé ti dáyé."

"Ronú sí i dáadáa."

"Màmá, ẹran á jóná o."

Ó padà wọlé. Ohun tí obìnrin kankan kì í ṣe ló ṣe: ó rìn wọ àárín àwọn ọkùnrin, ó ní bóyá ẹnì kan fara pa mọ́ sẹ́yìn òpó. Ó na ọwọ́ sókè orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ka ẹsẹ náà sókè ketekete, nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí Hazan Abner, ó parí lórí Naftali, tó ti pé mẹ́tàlá. "Láéláé" ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu, kò rí orí gbé e lé.

"Kò pé," ló wí. "Naftali, ọmọ mi, dárí jì mí."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Ìyá àgbà, ẹ tún un kà."

"Kí ni mo fẹ́ tún kà?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ ní 'Gbà là, jọ̀wọ́'. 'Jọ̀wọ́' kò sí níbẹ̀. Ibòmíràn nínú Sáàmù ló wà."

Hazan Abner yí ojú rẹ̀ tó ṣú sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ń táràrà láti orí dé orí, ó ń ka ẹsẹ náà bó ṣe wà nínú ìwé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Naftali, "láéláé" ló kù sí i lẹ́nu. Ó gbé e lé ọmọ náà lórí, ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ó pé," ló wí. "Láti aago méje ló ti pé."

Gbogbo wọn yíjú sí Milkabai.

"Milkabai," Hazan rọra béèrè, "ta ló kọ́ yín ní 'jọ̀wọ́' yẹn?"

"Ìyá mi. Mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, mo ní kó fún mi lágbọn, ó gbá mi lọ́wọ́, ó ní a kì í tọrọ nǹkan láìsọ jọ̀wọ́. Mo wá gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún Ọlọ́run pé gbà wá là, bùkún wa, gbé wa ga, bí ẹni ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́. Ojú tì mí fún un. Mo bá a fi kún un."

Hyams ti dìde. "Ẹ dúró ná. Ọjọ́ tí ẹ fà mí bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́?"

Milkabai ronú. "Wọ́n ti pé mẹ́wàá. Ìwọ ni èlé."

"Èlé! Mo sọ ọkọ̀ òfuurufú nù! Ọdún méjì ni mo fi wá ìwé ìrìnnà mìíràn, àárín ìgbà yẹn ni mo gbé ìyàwó—"

"Ṣé o kábàámọ̀ ni?" ohùn ìyàwó rẹ̀ wá láti òkè.

Hyams jókòó. "Mo ní kí Ọlọ́run bá mi kí ìyá Màmá," ló wí.

Ẹ̀rín bú. Àní Obed rẹ́rìn-ín. Ketura náà ń rẹ́rìn-ín, títí tó fi rí i pé Milkabai kò bá wọn rín. Ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ká etí sàrí rẹ̀ mọ́ ìka.

"Ọdún tí òjò pọ̀ yẹn," ló wí, "a ò ṣe àdúrà ìrántí ọkọ mi. Èmi ni mo mi orí pé wọn ò pé. Wọ́n pé. Wọ́n wà níbẹ̀, èmi ni mo dá wọn padà sílé."

Ketura sáré sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í, ó dì í mú. Hazan Abner ló sọ̀rọ̀.

"Milkabai, mo ti ń gbàdúrà nínú ilé yìí fún ogójì ọdún, mo ń pàṣẹ fún Ọlọ́run ni, mi ò mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ bẹ̀ Ẹ́. Ọkọ yín ò ní bínú. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọmọ yín."

Naftali kà. Ohùn rẹ̀ ya lẹ́ẹ̀mejì, ó pa dà sọ́nà, kò sì fo ọ̀rọ̀ kankan. Milkabai ò padà sókè, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n jẹ malida, wọ́n jẹ ẹran. Oúnjẹ pọ̀ débi pé àwọn apẹja etíkun wá fi abọ́ gbé e lọ, nítorí Gafur, tí kò mọ iye ènìyàn, ti sè é fún gbogbo ìlú. Menasseh jẹ àwo mẹ́ta, kò sì mẹ́nu kan fáánù mọ́.

Milkabai kú lóṣù kẹrin sí i, ní àárín òjò, lójú oorun rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e lọ sí orí òkè kékeré tó kọjú sí òkun, níbi tí àwọn ará wọn ń sùn. Òjò dá díẹ̀. Obed dúró létí ibojì, ìwé àdúrà òkú wà lọ́wọ́ rẹ̀, àdúrà tí wọn kì í gbà láìpé mẹ́wàá.

Hazan Abner ń lọ láti orí dé orí. Láti ibi tí àwọn obìnrin dúró sí, Ketura ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé mẹ́wàá ni wọ́n, Naftali wà lára wọn. Hazan ṣí ẹnu. "Gbà là," ló wí lórí ẹni àkọ́kọ́. Ó bọ́ sí ẹnì kejì, ó gbọ́wọ́ lé e lórí. "Jọ̀wọ́," ló wí.

Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ó kà á dé ọ̀dọ̀ Naftali, "láéláé" sì ṣẹ́ kù, kò rí orí bà lé.

"Wọn ò pé," ni Hazan Abner wí.

Obed pa ìwé dé. "Ẹ jẹ́ ká dúró," ló wí.

Wọ́n dúró nínú ẹrẹ̀, òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, kò sẹ́ni tó wo aago. Ketura ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èwo ló ṣáájú. Nígbà tó ṣe, wọ́n rí Haskel tó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń bú orúnkún rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé òun pẹ́. Hazan lọ pàdé rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé orí rẹ̀ tó tutù, ó gbé "láéláé" lé e. Ìgbà náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.